Dáìsì ń borí ọgbọ́n nínú géèmù ogun tí mò ń ṣe: kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Kọ́lápọ̀_K

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Géèmù ogun kékeré kan ni mò ń ṣe fún kọ̀ǹpútà. Ilé mẹ́sàn-án ní ìbú, mẹ́sàn-án ní òró, ni ọpọ́n rẹ̀. Ẹni méjì ló ń ta á, oníkálukú ní ọmọ ogun márùn-ún. Bó bá kàn ẹ́, wàá sún àwọn ọmọ ogun rẹ, wàá sì ní kí wọ́n kọlu ọ̀tá tó bá wà nítòsí. Kó o tó kọlù ú, kọ̀ǹpútà á ti kọ ọ́ síbẹ̀, bóyá 60% ni ó lè bà tàbí 90%. Lẹ́yìn náà ló máa ju dáìsì tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó bà. Ibi tí wàhálà wà gan-an nìyẹn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá mi dán an wò fara balẹ̀ lọ́jọ́sí. Ó gbé tafàtafà rẹ̀ gba ẹ̀yìn igbó, ó fi alásà dí ojú ọ̀nà, ó sì dúró títí ọ̀tá fi bọ́ sí gbangba. 90% ló hàn. Ó tafà, ọfà tàsé. Ọ̀tá yíjú padà, ó pa tafàtafà yẹn síbi tó dúró sí. Bọ̀dá yìí pa géèmù dé, ó ní, "Ṣé kí n máa ronú nìṣó ni, àbí kí n kúkú máa gbàdúrà?"

Mo wá yọ àkọsẹ̀bá kúrò pátápátá. Gbogbo ọfà ń bà, iye ẹ̀mí tó máa yọ sì ti hàn tẹ́lẹ̀. Ìyẹn náà tún gbé tiẹ̀ dé: ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù ló ń borí nígbà gbogbo, ẹni tó bá sì kàn á jókòó ti ìṣirò, ẹnì kejì á máa wo àjà. Kí lẹ rí sí i?

Ẹ̀gbọ́n_Ọpọ́n

Àbúrò, má tíì yọ nǹkan kan, má sì tíì fi kún un. Kọ́kọ́ wo ìgbà tí àkọsẹ̀bá ń wọlé. Ṣé kí èèyàn tó pinnu ni, àbí lẹ́yìn tó ti pinnu tán?

Èyí tó ṣáájú ìpinnu, ìṣòro tuntun ló ń gbé síwájú rẹ: káàdì tó wọ ọwọ́ rẹ, ibi tí igbó àti òkè bọ́ sí lórí ọpọ́n, ọ̀tá tó yọ lápá òsì nígbà tó o ti ń retí rẹ̀ lápá ọ̀tún. O ti rí i, ó kù sọ́wọ́ rẹ. Èyí tó tẹ̀lé ìpinnu ńkọ́? Ìwọ ti ṣe tìrẹ tán, dáìsì ló kù tó ń dá ẹjọ́. Ẹ̀yìn ìpinnu ni 90% tìrẹ wà, ohun tó bí bọ̀dá yẹn nínú nìyẹn.

Wo Into the Breach, géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà tó jáde ní 2018. Ọpọ́n ilé mẹ́jọ sí mẹ́jọ ni. Ọ̀tá á kọ́kọ́ fi ibi tí wọ́n fẹ́ kọlù hàn ẹ́, ìwọ á ṣe tìrẹ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlù ú. Ohun ìjà rẹ kì í tàsé, iye tó ń yọ ò sì ń yí padà. Irú ọ̀tá tó máa yọ, ibi tó máa gbà yọ, ohun tó máa fẹ́ ṣe, ibẹ̀ ni àkọsẹ̀bá wà, gbogbo rẹ̀ ló sì ti ṣẹlẹ̀ kó tó kàn ẹ́. Ohun tó kù sẹ́yìn ìpinnu ò ju ìwọ̀nba ìdá díẹ̀ tí ilé kan táwọn aráàlú ń gbé fi lè yè é bí wọ́n bá kọlù ú. Ẹ sì wò ó dáadáa: ojúrere ni ìyẹn. O ti gbà pé ilé yẹn ti lọ, ó wá yè é. Mi ò tíì rí ẹni tó pa géèmù dé torí ìyẹn.

Pandemic, géèmù orí tábìlì tí àwọn tó ń ta á ti jọ ń gbógun ti àrùn, náà ṣe é lọ́nà tó wù mí gan-an. Matt Leacock ló ṣe é, ó jáde ní 2008. Wọn ò kàn po káàdì àjàkálẹ̀ mọ́ ìyókù. Wọ́n á pín ìdì káàdì sí òkìtì mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà, bó o bá ṣe fẹ́ kó le tó, wọ́n á ki àjàkálẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ òkìtì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á po òkìtì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n á wá tò wọ́n léra. O mọ̀ pé ọ̀kan ń bọ̀ nínú òkìtì yìí, o ò kàn mọ ìgbà tó máa dé ni. Bó bá sì dé, wọ́n á po káàdì àwọn ìlú tí àrùn ti wọ̀, wọ́n á dá wọn padà sórí ìdì. Àwọn ìlú tó ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ náà ló máa kọ́kọ́ padà wá. O ò lè sọ èyí tó máa ṣáájú, ṣùgbọ́n o mọ ibi tó yẹ kó o sáré lọ. Èèyàn lè fi irú àkọsẹ̀bá bẹ́ẹ̀ ṣètò nǹkan.

ÌyáOlóòǹkà

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti ìgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwọ̀n. Kọ́lápọ̀, ó jọ pé o rò pé 90% fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdánilójú. Ọmọ ogun márùn-ún lo ní. Bí gbogbo wọn bá kọlù lẹ́ẹ̀kan náà ní 90%, ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ni pé, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn á tàsé. Bó bá fi máa kàn ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó ti di 65%. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bọ̀dá yẹn kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n. Gbogbo ẹni tó bá ta géèmù rẹ ló máa rí i, kò sì ní pẹ́ tó fi máa rí i.

Èyí tó tún wá burú ni iye tó ń náni. Ọfà kan tàsé, ọmọ ogun kan kú: ìdá kan nínú márùn-ún agbára ẹni ti lọ. Dáìsì kan ṣoṣo lo gbé gbogbo ẹrù yẹn lé.

Pín ẹrù náà. Ká sọ pé ọfà yẹn ń yọ ẹ̀mí mẹ́fà. Sọ ọ́ di ọfà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yọ méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì wà ní 90%. Àròpín rẹ̀ ò yí padà, ẹ̀mí 5.4 náà ni. Ṣùgbọ́n kí gbogbo rẹ̀ tàsé pátá, ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹgbẹ̀rún ni. Ohun tí wàá máa rí jù lọ ni mẹ́fà tàbí mẹ́rin. Ẹni tó rí mẹ́rin níbi tó ti ń retí mẹ́fà á kùn, kò ní pa géèmù dé.

Risk náà nìyẹn, géèmù ogun orí máàpù tí Albert Lamorisse gbé jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1957. Bí akọlùni bá ju dáìsì mẹ́ta, tí ẹni tó ń dáàbò bo ilẹ̀ rẹ̀ sì ju méjì, 37% ni pé olùdáàbòbò á pàdánù méjì, 29% ni pé akọlùni á pàdánù méjì, 34% ni pé kálukú á pàdánù ọ̀kan. Ẹ wo bí àlàfo yẹn ṣe kéré tó! Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ jù ú, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Àmọ́ bí ọmọ ogun ogún bá kọlu mẹ́wàá, ẹ máa jù ú lọ́pọ̀ ìgbà, akọlùni á sì gbà á lọ́pọ̀ jù lọ ìgbà. Dáìsì tó pọ̀ máa ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Èyí tó bá dá wà ló ń pariwo.

Ataláìnídáìsì

Ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ gbogbo ìṣirò yìí, ẹni tó ti pinnu pé dáìsì gbọ́dọ̀ wà ló ń ṣe é. Ta ló ní ó gbọ́dọ̀ wà? Chess ò ní in. Go, eré ọpọ́n àwọn ará Ṣáínà, ò ní in. Ayò ọlọ́pọ́n ò ní in. Wọ́n ti pẹ́ láyé ju gbogbo géèmù tẹ́ ẹ dárúkọ lọ, kò sì sú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ẹ kàn ń sọ òkò sọ́jà, ẹni tó fara balẹ̀ ronú ló ń bà.

Bó bá jẹ́ pé ohun àìròtẹ́lẹ̀ lẹ fẹ́, ẹ lọ wá a lọ́dọ̀ èèyàn. Allan Calhamer gbé géèmù orí tábìlì tó ń jẹ́ Diplomacy jáde ní 1959. Agbára ńlá méje ní Yúróòpù, kò sí dáìsì nínú ìjà rárá. Gbogbo yín á jọ sọ̀rọ̀, ẹ ó ṣe àdéhùn, kálukú á wá kọ àṣẹ rẹ̀ sínú ìwé ní kọ̀rọ̀, ẹ ó sì ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. O ò mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, síbẹ̀ kò sí ohun kan tó ṣèèṣì níbẹ̀. Ẹni tó dà ẹ́, o mọ orúkọ rẹ̀, o sì lè gbẹ̀san.

Ẹ tún wo StarCraft, géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà. Nínú ti 1998, bó o bá wà nísàlẹ̀ tó o ń yìnbọn sí ẹni tó wà lókè, ọta rẹ lè tàsé, kọ̀ǹpútà ló ń pinnu. Nígbà tí wọ́n ṣe ìkejì rẹ̀ jáde ní 2010, wọ́n yọ ìyẹn kúrò. Wọ́n ní bó ò bá rí òkè, o ò lè yìnbọn sí i. Bó o bá rí i, ọta rẹ á bà. Àǹfààní òkè ṣì wà bó ṣe wà, àmọ́ ó ti di ìpinnu: ṣé màá rán ẹnì kan gòkè lọ wò ó, ṣé màá ná owó sórí ohun tó ń fò? Ohun tí màá ṣe sí gbogbo 60% inú géèmù Kọ́lápọ̀ nìyẹn. Igbó ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di 60%. Kí igbó yọ ẹ̀mí méjì kúrò nínú ìyà tó ń jẹ ẹni tó wà nínú rẹ̀, ó tán.

Ẹ̀gbọ́n_Ọpọ́n

Ti StarCraft yẹn dáa gan-an, mo fara mọ́ ọn.

Ti chess ni ká fi sùúrù wò. Kò ní dáìsì lóòótọ́, àmọ́ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ti há ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sórí débi pé ogún ìgbésẹ̀ lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí ronú. Bobby Fischer tó ti gba adé ayé rí ló rojọ́ ìyẹn títí tó fi gbé ọ̀nà tirẹ̀ jáde ní Buenos Aires ní 1996: kí wọ́n máa fi àkọsẹ̀bá to ìlà ẹ̀yìn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè jáde ní ọ̀nà 960. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àkọsẹ̀bá mọ́ títí eré á fi parí. Ẹ rí i pé ẹni tó fẹ́ràn ọgbọ́n jù lọ ló gbé àkọsẹ̀bá wọnú chess, iwájú ìpinnu ló sì gbé e sí.

Ti ayò náà, ní 2002, John Romein àti Henri Bal ní Amsterdam fi kọ̀ǹpútà tú Awari, ọ̀kan nínú àwọn ẹbí ayò wa, palẹ̀. Ipò tí wọ́n yẹ̀ wò lé ní bílíọ̀nù 889. Wọ́n rí i pé bí ẹni méjèèjì ò bá ṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni. Ṣé ó wá pa eré náà? Rárá, torí kò sí orí èèyàn tó gba bílíọ̀nù 889. Géèmù tí kò ní àkọsẹ̀bá kì í kú bí ibi tó parí sí bá jìnnà ju ibi tí ojú inú èèyàn lè dé. Ọmọ ogun márùn-ún sí márùn-ún lórí ọpọ́n kékeré, ẹ̀rù ń bà mí pé tìrẹ ò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, àbúrò.

DéléKóòdù

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: 90% inú orí èèyàn kì í ṣe 90% inú kọ̀ǹpútà. Sid Meier, ẹni tó ṣe géèmù Civilization, sọ ọ́ níbi àpérò àwọn tó ń ṣe géèmù ní San Francisco ní 2010. Ó ní bí agbára rẹ bá jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan, o ò ní gbà láéláé pé o lè fìdí rẹmi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ló yẹ kó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ ìwọ lo ní ọ̀kan, tó o sì borí ẹni tó ní mẹ́ta, o ò rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀! Bó bá jẹ́ méjì sí ọ̀kan, wọ́n lè gbà á lẹ́ẹ̀kan, bó bá tún ṣẹlẹ̀ tẹ̀lé e, ariwo ta. Wọ́n wá jẹ́ kí géèmù máa rántí èsì tó ṣáájú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pẹ̀tù sí i nìwọ̀nyí. Láti 2002, ọ̀pọ̀ nínú àwọn géèmù ogun Fire Emblem kì í fa nọ́ńbà kan láti mọ̀ bóyá ìkọlù bà, méjì ni wọ́n ń fà, wọ́n á wá àròpín rẹ̀. Ohun tó kọ síta pé 75%, bíi 88% ló ń bà. Èyí tó kọ pé 25%, kò ju bíi 13% lọ. Ohun tó dára dára sí i, ohun tí kò dára burú sí i, bí ọkàn èèyàn ṣe ń retí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Géèmù ogun XCOM náà, ní àwọn ìpele tó rọrùn, máa ń fi nǹkan kún àǹfààní rẹ lábẹ́lẹ̀ láìsọ fún ẹ.

Warcraft III àti Dota 2, géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà ni àwọn náà, gba ọ̀nà mìíràn. Ohun tí wọ́n pè ní 25% kì í bẹ̀rẹ̀ ní 25%. Bíi 8.5% ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, ó di 17%, lẹ́yìn náà 25.5%, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa gòkè títí yóò fi ṣẹlẹ̀, á wá padà sísàlẹ̀. Bó o bá ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, 25% náà ni, àmọ́ kì í tò tẹ̀ léra lọ́nà tó ń dunni. Kóòdù rẹ̀ ò ju ìlà mélòó kan lọ.

Kọ́lápọ̀, fi ti Fire Emblem sí i, kó o sùn.

ÌyáOlóòǹkà

Délé, mi ò fara mọ́ ọn rárá, ó kéré tán kì í ṣe nínú géèmù ẹni méjì.

Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lò ń bá jà, purọ́ fún mi bó ṣe wù ẹ́, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀. Níbi tí èèyàn ti ń bá èèyàn jà, gbogbo ojúrere tó o ṣe fún èmi, ìyà ló jẹ ẹnì kejì. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó bá fẹ́ mọ géèmù náà dunjú ń fi nọ́ńbà kọ́gbọ́n. Bó o bá kọ 75% tí o ṣe 88%, ohun tí kò sí lo kọ́ ọ. Lọ́jọ́ tó bá tú u fó, kò tún ní gba nọ́ńbà kankan tó o bá kọ gbọ́ mọ́.

DéléKóòdù

Ìyá, ẹni mélòó ló ń ṣe ìṣirò tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn?

ÌyáOlóòǹkà

Àwọn tó máa ṣì máa ta á lọ́dún tó ń bọ̀.

Màmá_Káàdì

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀nà kan wà tí kò sí irọ́ níbẹ̀, tí kò sì ní máa tò tẹ̀ léra: ẹ fi káàdì rọ́pò dáìsì.

Dáìsì ò rántí àná. Ìdì káàdì ń rántí. Bó o bá ní káàdì mẹ́wàá, tí ọ̀kan ṣoṣo jẹ́ "ó tàsé", tí o sì ti fà á, kò tún ní jáde mọ́ títí wọ́n á fi tún po ìdì náà. 90% yẹn wá di 90% tòótọ́ láàárín káàdì mẹ́wàá, gbogbo èèyàn sì lè rí i. Kódà àwọn tó ṣe Catan, géèmù orí tábìlì tí nọ́ńbà dáìsì ti ń sọ ilẹ̀ tó máa mú èrè wá, ṣe ìdì káàdì 36 jáde láti fi rọ́pò dáìsì méjì. Ẹ mọ̀ pé nínú dáìsì méjì, 7 ń jáde nígbà mẹ́fà nínú 36, 6 àti 8 nígbà márùn-ún márùn-ún, 2 àti 12 ní ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdì yẹn ní iye bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú, torí náà kò sẹ́ni tó máa jókòó sórí 8 tí 8 ò ní jáde títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èyí tó wù mí jù ni Gloomhaven, géèmù akíkanjú orí tábìlì tó jáde ní 2017. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìdì káàdì 20 tó ń fà bó bá kọlu ọ̀tá: mẹ́fà tí kò fi nǹkan kún un, márùn-ún tó fi ọ̀kan kún un, márùn-ún tó yọ ọ̀kan, ọ̀kan tó fi méjì kún un, ọ̀kan tó yọ méjì, ọ̀kan tó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ọ̀kan tó sọ gbogbo rẹ̀ di òfo. Títí dé ibí, àkọsẹ̀bá lásán ni. Àmọ́ bí akíkanjú rẹ ṣe ń dàgbà, ìwọ fúnra rẹ lò ń yan káàdì tó máa jáde nínú ìdì àti èyí tó máa wọlé. Ẹnì kan á yọ lára àwọn èyí tó ń dín in kù kí ọwọ́ rẹ̀ lè máa dúró lójú kan. Ẹlòmíì á kó èyí tó léwu tó sì lérè wọlé. Àkọsẹ̀bá náà ti di ohun tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́.

Kọ́lápọ̀, fún ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan ní ìdì káàdì kékeré tirẹ̀, kí ó hàn lójú kọ̀ǹpútà, èyí tó ti jáde àti èyí tó kù. Wàá rí i pé wọn ò ní máa gbàdúrà mọ́. Wọ́n á máa ṣọ́ ìgbà tí "ó tàsé" ti jáde kí wọ́n tó fi tafàtafà wewu. Ìpinnu nìyẹn.

Ataláìnídáìsì

Ẹni tó ń ka káàdì á sì tún jókòó ti ìṣirò, ẹnì kejì á tún padà sí àjà wíwò.

Màmá_Káàdì

Káàdì mẹ́wàá ni, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún. Ẹ rọra.

Ọ̀dọ́_Ajagun

Èmi ò mọ̀ ju wíwo ìtàn ogun lọ o, àmọ́ ìjà tẹ́ ẹ̀ ń jà yìí ti pẹ́. Ní 1824, ọ̀gágun ọ̀dọ́ kan ní Prussia, Georg von Reisswitz, gbé Kriegsspiel jáde, eré ogun orí máàpù tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọ̀gágun. Dáìsì ló ń sọ iye àwọn tó kú. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1870, àwọn bíi Verdy du Vernois ní òfin àti dáìsì ti pọ̀ jù, kí adájọ́ tó ti rí ogun rí kàn máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Títí dòní, àwọn méjèèjì ṣì ní ọmọ lẹ́yìn.

Kọ́lápọ̀_K

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí mo mú nínú rẹ̀ rèé: igbó á máa dín ìyà kù, kò ní máa sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Tafàtafà nìkan ló máa ní ìdì káàdì mẹ́wàá. Nínú ìdì náà, mo yọ "ó tàsé" kúrò, mo fi "ó há a lára" rọ́pò rẹ̀: ẹ̀mí méjì ló ń yọ níbi tí ó ti yẹ kó yọ mẹ́fà, àmọ́ ọ̀tá á sún sẹ́yìn ní ilé kan.

Ti ẹni tó jókòó ti ìṣirò ló kù. Ìyẹn ò tíì yanjú.

Ẹ̀gbọ́n_Ọpọ́n

"Ó há a lára" yẹn dáa. Sísún sẹ́yìn yẹn gan-an ló dáa jù, torí èèyàn lè mọ̀ọ́mọ̀ lò ó.

Ti ìṣirò: ohun tó ń mú kí èèyàn jókòó pẹ́ ni pé ó mọ̀ pé bí òun bá ṣírò tó, òun máa rí èsì tó dájú. Dín ibi tí ojú rẹ̀ lè rí kù. Into the Breach fi ohun tí ọ̀tá fẹ́ ṣe báyìí hàn ẹ́, kò fi èyí tó máa ṣe tẹ̀lé e hàn. O ṣírò ìgbésẹ̀ yìí pé pérépéré, ti iwájú ńkọ́, o ò kàn ṣe jù kó o dúró síbi tó dáa lọ. Nínú tìrẹ, jẹ́ kí nǹkan kan máa yọ lórí ọpọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ráùndì kọ̀ọ̀kan, bóyá ìkùukùu tó bo apá kan, bóyá afárá tó já, kí ẹnikẹ́ni tó sún. Kó yọ kí wọ́n tó pinnu o! Ẹni tó bá mọ̀ pé ọpọ́n á yí padà kò ní ṣírò ìgbésẹ̀ márùn-ún síwájú, torí kò wúlò fún un.

Tó ò bá fẹ́ ìyẹn, fi aago sí i. Ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́, kò kàn lẹ́wà ni.

Àǹtí_Báákì

Ẹ ti gbàgbé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta dáadáa. Ìdí tí backgammon, eré ọpọ́n àtijọ́ tó ń lo dáìsì, fi wà títí dòní ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ lè na ọ̀gá lónìí. Kò lè nà án bí wọ́n bá ta á lọ títí di póìntì 21, àmọ́ ó lè nà án lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn á sì mú un padà wá lọ́la.

Ẹ sì tún wo ohun tí wọ́n fi kún un ní àwọn ọdún 1920, dáìsì tó ní 2, 4, 8, 16, 32 àti 64 lójú. Bó o bá rí i pé ọwọ́ rẹ ti ń lékè, o lè sọ pé kí eré yìí di ìlọ́po méjì. Ẹnì kejì á gbà á, tàbí kó jọ̀wọ́ eré náà lójú ẹsẹ̀. Wọn ò dín àkọsẹ̀bá kù rárá o. Ìpinnu ni wọ́n gbé lé e lórí: ta ló mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an, ta sì ló ń tan ara rẹ̀ jẹ? Bí Kọ́lápọ̀ bá jẹ́ kí èèyàn lè jọ̀wọ́ ìjà kan kó sì kó ọmọ ogun rẹ̀ lọ síbòmíràn, èèyàn ò ní dúró kí dáìsì fi ojú rẹ̀ gbolẹ̀.

Kọ́lápọ̀_K

Jíjọ̀wọ́ ìjà kan kí gbogbo eré má bàa parí! Màá dán ìyẹn wò. Ìbéèrè tó kù: báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ọgbọ́n ló ń borí báyìí tàbí oríire? Bí mo bá bi wọ́n, ẹni tó borí á ní ọgbọ́n ni, ẹni tí wọ́n nà á ní oríire ni.

DéléKóòdù

Èyí ò le. Kọ̀ǹpútà ń lo nọ́ńbà kan láti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò àkọsẹ̀bá rẹ̀. Tọ́jú nọ́ńbà yẹn. Bó o bá fún un ní nọ́ńbà kan náà, ìkùukùu kan náà, afárá kan náà, káàdì kan náà ló máa jáde. Jẹ́ kí ẹni méjì ta á, lẹ́yìn náà kí wọ́n gba ipò ara wọn, kí wọ́n sì tún un ta pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn. Bó bá jẹ́ ẹnì kan náà ló borí nígbà méjèèjì, ọgbọ́n ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ẹni tó jókòó sápá kan pàtó ló ń borí ṣáá, ẹnikẹ́ni tí ì báà jẹ́, ọpọ́n ló ń borí.

Ẹ̀gbọ́n_Ọpọ́n

Àwọn tó ń ta eré káàdì bridge ní ìdíje ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Wọ́n á gbé káàdì kan náà yí ká gbogbo tábìlì, wọ́n á wá fi ohun tí tábìlì kọ̀ọ̀kan rí nínú rẹ̀ wéra wọn. Má sọ fún àwọn tó ń dán an wò pé nọ́ńbà kan náà ni o. Bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á rántí ibi tí afárá ti já.

DéléKóòdù

Ìyẹn náà ni ìdí tí XCOM ti 2012 fi ń tọ́jú nọ́ńbà yẹn sínú ohun tó o bá fi pamọ́. Bí ọta bá tàsé, tó o padà sẹ́yìn, tó o tún yìn ín bó o ṣe yìn ín, ó tún máa tàsé ni. Àfi kó o ṣe nǹkan mìíràn. Kọ́lápọ̀, bó o bá máa ní apá tí èèyàn ti ń bá kọ̀ǹpútà jà, ṣe bẹ́ẹ̀. Ní apá ẹni méjì, kó má ṣeé padà rárá.

ÌyáOlóòǹkà

Kí ó sì tọ́jú èsì gbogbo káàdì tó bá jáde sínú fáìlì kan, kí ẹni tí wọ́n nà lè ṣí i lẹ́yìn eré, kó rí iye ìgbà tí "ó há a lára" jáde fún un àti fún ẹnì kejì rẹ̀. Òótọ́ nọ́ńbà o, Délé.

DéléKóòdù

Mo ti gbọ́, mà. Òótọ́ nọ́ńbà.